Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Tẹnu Wa: Òjò Ti Yíwà Padà, Alájẹṣẹ́kù Wa Ńkọ́?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lóṣù tó kọjá mo kàn fẹnu kàn án lójú ewé yìí ni, pé alájẹṣẹ́kù ò yẹ kó jẹ́ fún owó aṣọ ẹbí àti owó ilé ìwé nìkan, pé tí òjò bá ba nǹkan jẹ́ tàbí ọ̀dá jó oko, ó yẹ kí ẹgbẹ́ lè fa èèyàn dìde. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ti wà lọ́kàn yín tipẹ́ nìyẹn. Lẹ́tà ń wọlé, ti WhatsApp ò lóǹkà, ẹnì kan tiẹ̀ fi ohùn sọ tiẹ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko, mò ń gbọ́ bí àkùkọ ṣe ń kọ lẹ́yìn ẹ̀. Márùn-ún ni mo mú, mo gé àwọn tó gùn kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò.

Kòkó mi dúdú lórí igi

*Olóòtú, ojú ọ̀nà Ìdànrè ni oko mi wà, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí kòkó. Nígbà yẹn a mọ ìgbà tí òjò ń dá, a mọ ìgbà tí ọyẹ́ ń dé, èèyàn á ti mọ ọjọ́ tó máa sá kòkó. Báyìí ńkọ́, òjò á rọ̀ nígbà tí kò yẹ, á tún lọ nígbà tá a nílò ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ó rọ̀ títí èso fi dúdú lórí igi, tí mo bá là á, inú ẹ̀ ti rà. Àwọn ẹgbẹ́ wa ní ká jọ wá nǹkan ṣe sí i, mo ní kí ni alájẹṣẹ́kù mọ̀ nípa òjò, ṣé wọ́n fẹ́ bá Ọlọ́run ṣe mítìn ni? — Bàbá Olóko, Ìdànrè*

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú àdánù. Mítìn Ọlọ́run yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n gbè sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ yín díẹ̀.

Àrùn tó ń sọ èso di dúdú yẹn, omi ló ń gbé e rìn. Tí òjò bá ń rọ̀ léraléra, tí abẹ́ igi ṣú, tí afẹ́fẹ́ ò rọ́nà gbà, èso kan tó ti rà lókè á máa ro àrùn sórí èyí tó wà nísàlẹ̀, òjò á tún ta ti ilẹ̀ sókè. Ẹ wá wò ó o, tẹ́ ẹ bá ré gbogbo èso dúdú oko yín, tẹ́ ẹ fọ́n ògùn sí i, tí ẹni tẹ́ ẹ jọ pààlà wà l'Ékòó tí tiẹ̀ ń rà lórí igi láìsí ẹni tó wò ó, kí lẹ ṣe? Owó ògùn yẹn ti wọgbó nìyẹn. Àrùn ò mọ ibi tí pèrègún ààlà wà. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan, àáró ni, ẹ jọ wọ oko tọ̀túntòsì, ẹ ré ẹ̀ka tó ṣú jù, ẹ kó èso dúdú kúrò lóko pátápátá, kì í ṣe kẹ́ ẹ kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń la kòkó. Mo ti rí i lóko àwọn èèyàn tèmi, òkìtì èso dúdú tó ga dé orúnkún mi, eṣinṣin bò ó, ẹsẹ̀ méjì sí i ni igi tó so dáadáa. Ilé ni wọ́n kọ́ fún àrùn yẹn.

Ẹ tún wo ti ògùn. Ẹni tó bá dá lọ ra tiẹ̀ lọ́jà, wọ́n lè ta ayédèrú fún un, tí òjò bá tún rọ̀ lé e lórí lọ́jọ́ tó fọ́n ọn, ó parí. Ẹgbẹ́ tó bá para pọ̀ rà á lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣeé gbára lé, wọ́n lè ní ẹnì kan tó mọ pọ́ǹpù lò tó sì wọ nǹkan sí ojú àti imú. Àti ibi tí a ń sá kòkó sí, bẹ́ẹ̀dì onígi tí wọ́n gbé sókè tí wọ́n fi náílọ́nù funfun bò bí òrùlé, kí òjò òjijì má bàa mú kí gbogbo ilé máa sáré ká tápólì. Àgbẹ̀ kan ò lè dá a ṣe, èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè ṣe é. Kòkó tó bá ti bu, ẹni tó ń rà á máa gé owó ẹ̀ ni.

Èyí tó dùn mí jù ni owó àsansílẹ̀. Òjò bà á jẹ́ lọ́dún kan, olóko á lọ bá ẹni tó ń ra kòkó, á gbowó lórí kòkó tí kò tíì so, ẹni tó fún un lówó ló máa dá iye sí i. Ẹ rántí 2024, kòkó wọ́n títí tọ́ọ̀nù kan fi kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Kí ló fà á? Òjò àrọ̀jù, ọ̀dá àti àrùn tó ba oko jẹ́ ní Ghana àti Côte d'Ivoire, àwọn méjèèjì tó ń kó ju ìdajì kòkó ayé jáde. Ìyà tó jẹ àgbẹ̀ ló sọ kòkó di wúrà, àgbẹ̀ tó ti ta tiẹ̀ sílẹ̀ lórí igi wá ń wòran, nígbà tó sì fi máa ní tiẹ̀ lọ́wọ́ owó ti já wálẹ̀ ní 2025. Tí ẹgbẹ́ yín bá ní owó tí èèyàn lè yá ní èlé kékeré láàárín oṣù tí kò sí kòkó, kò ní sí ìdí tẹ́ ẹ fi máa fi oko dúró lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní Ghana, àwọn àgbẹ̀ kòkó dá Kuapa Kokoo sílẹ̀ ní 1993, wọ́n ń ra kòkó lọ́wọ́ ara wọn pẹ̀lú ìwọ̀n tí kì í parọ́, títí wọ́n fi ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ ṣokoléètì kan ní ìlú òyìnbó. Èèyàn bíi tiyín ni wọ́n o.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un, torí ó ń bọ̀ wá kan yín. Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2023 pé kòkó tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó ibẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 ò ní wọ ọjà àwọn mọ́, ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ibi tí oko wà gẹ́lẹ́ lórí máàpù. Wọ́n ti sún ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mi ò bá wọn jà pé wọ́n fẹ́ dáàbò bo igbó, igbó wa náà ti ń tán. Ṣùgbọ́n ta ló máa sanwó ẹni tó máa fi fóònù yí oko ká? Tó bá jẹ́ oníkálùkù, owó yẹn máa jẹ èrè tán, tó bá jẹ́ ẹgbẹ́, ọmọ kan tó mọ fóònù lò dáadáa lè ya ti gbogbo yín láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé ẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń ra kòkó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún igi tó ti darúgbó gbìn, ẹ rán èèyàn méjì lọ sọ́dọ̀ àwọn CRIN, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí kòkó, wọ́n ní ẹ̀ka ní Ọ̀wẹnà níbẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè irú tí wọ́n ti ṣètò tó ń tètè so. Kẹ́ ẹ má lọ gba èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì. Ó ti pẹ́ kí wọ́n tó bí mi pàápàá tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa ti mọ bí wọ́n ṣe ń para pọ̀ báyìí, òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1935 ni, àwọn olóko kòkó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní ẹ̀.

Omi gbé ọjà mi, ẹgbẹ́ ń béèrè owó wọn

*Ẹ̀gbọ́n mi, Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ń tajà, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí odò Àlá. Òru ni omi wọlé. Àpò gààrí mẹ́fà, ìrẹsì, fúláwà, àti fírísà tí mi ò tíì san owó ẹ̀ tán, nígbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ fírísà ti léfòó, ó dojú dé. Mo jẹ alájẹṣẹ́kù wa ní 400,000 náírà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n wá bá mi nílé, onídùúró mi kan ò kí mi mọ́. Ṣé olè ni mí ni? — Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́*

Rárá o, àǹtí mi, ẹ kì í ṣe olè, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àdánù ọjà, Olúwa á fi òmíràn rọ́pò. Mo mọ bí àpò gààrí tó mumi ṣe ń wú, tó ń rùn, tó máa wá wúwo tí èèyàn mẹ́ta ò ní lè gbé e síta.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tiwọn kí n tó sọ tiyín. Onídùúró yẹn ń bẹ̀rù ni, owó ẹ̀ ni wọ́n máa gé tẹ́ ò bá san. Ohun tó bàjẹ́ ni pé ẹgbẹ́ yín ò fi nǹkan kan sílẹ̀ de irú ọjọ́ yìí, gbogbo ìyà wá di ti ẹnì kan àti ẹni tó dúró fún un. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní kí wọ́n máa yọ ìdá kan nínú mẹ́rin èrè ọdún sọ́tọ̀ kí wọ́n tó pín ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóṣù Kejìlá, gbogbo èèyàn ń retí ororo, ìrẹsì àti adìẹ, ẹni tó bá ní ká fi nǹkan pamọ́ di ọ̀tá. Nínú ẹgbẹ́ tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde pé ká máa dá 200 náírà lóṣù kọ̀ọ̀kan sínú àpò kan tá ò ní fọwọ́ kàn àfi tí àjálù bá dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ẹnì kan tiẹ̀ ní ṣé èmi ni mò ń pe àjálù ni. Ìjì wá ṣí páànù ilé akọ̀wé wa gan-an. Mítìn tó tẹ̀ lé e, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi gbà á.

Tiyín wá ńkọ́, ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ má dúró kí wọ́n tún wá. Ẹ ya fọ́tò ọjà tó bàjẹ́ tẹ́ ò bá tíì dà á nù, ẹ ní kí wọ́n dá owó yẹn dúró fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, kí èlé má gun orí ẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ní làákàyè á tún yá yín díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ fi padà sọ́jà, torí ẹni tí ò tajà ò lè san gbèsè, ìṣirò ibẹ̀ ò le.

Ní Íńdíà, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ kan wà tó ń jẹ́ SEWA, 1972 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n ti ní bánkì alájẹṣẹ́kù tiwọn. Láìpẹ́ yìí wọ́n ṣe ínṣọ́ránsì kan fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan, owó á kàn wọlé fún wọn, kò sẹ́ni tó máa wá sọ pé ẹ mú ríṣíìtì wá, ẹ mú ẹlẹ́rìí wá. Owó yẹn ò pọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń gbé ẹ̀fọ́ lórí nínú oòrùn lè jókòó sílé lọ́jọ́ yẹn kí ebi má pa ọmọ ẹ̀. Ẹ rò ó wò tí a bá ní irú ẹ̀ fún òjò l'Àkúrẹ́. Ẹnì kan ò lè lọ bá ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì kí wọ́n dá a lóhùn, ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ márùn-ún bá jọ lọ pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ́yìn wọn, wọ́n á fún wọn ní àga.

Àwọn kan á ní gọ́tà tó dí ló ń jẹ́ kí omi wọlé. Ẹ jọ kó o, kò burú. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi gọ́tà bo ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi tí ẹnì kan sì fọwọ́ sí i nínú ọ́fíìsì. Omíyalé 2022 pa èèyàn tó ju 600 lọ ní Nàìjíríà, ó lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Ìyẹn kọjá ọkọ́ àti bárò.

Kí ni wọ́n ń pè ní climate justice gan-an?

*Ọmọ mi tó wà ní FUTA fi ń ṣe project, ó ṣàlàyé fún mi, kò yé mi. — Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́, Ọbá-Ilé*

Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ṣáà mọ̀ pé ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti burú nìyẹn, ìka míì ló ṣẹ̀, tiwa ni wọ́n ń gé. Èéfín tó ń mú kí ayé gbóná, àwọn ìlú tó ti ń sun èédú àti epo láti ayé àwọn baba ńlá wọn ló tú èyí tó pọ̀ jù jáde, gbogbo Áfíríkà pátá, èyí tí à ń tú jáde lọ́dún kan ò tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ ta ni oko ẹ̀ ń gbẹ, ta ni omi ń gbé ilé ẹ̀ lọ? Climate justice ni pé kí ẹni tó ṣe é bá wa gbé ẹrù ẹ̀, kì í ṣe ìtọrẹ àánú o, ẹ̀tọ́ ni.

Wọ́n ti ṣèlérí lóòótọ́. Ní Copenhagen ní 2009 wọ́n ní tó bá fi máa di 2020 àwọn á máa kó 100 bílíọ̀nù dọ́là jọ lọ́dọọdún fún àwọn ìlú tí ò rí jájẹ, 2022 ni wọ́n tó pé e, èyí tó pọ̀ níbẹ̀ ló sì jẹ́ owó yíyá. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tó da omi sílé yín tó tún wá yá yín lówó kẹ́ ẹ fi gbọ́n ọn! Ní 2022 kan náà ní Íjíbítì ni wọ́n tó gbà pé kí àpò kan wà fún àdánù tó ti ṣẹlẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀ ní Dubai lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Tiwa náà ní òfin, 2021 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ojú ọjọ́ ní Àbújá.

Ibi tí alájẹṣẹ́kù ti bá a mu ni pé irú owó báyìí kì í wá bá Ìyá Ìbejì nílé. Ó ń béèrè ìwé, àkáǹtì tí wọ́n ti yẹ̀ wò, àkọsílẹ̀ mítìn. Ẹgbẹ́ tó ní gbogbo ẹ̀ lè na ọwọ́, ẹni tó dá wà ò lè nà á. Láàárín ara wa náà, ẹ má jẹ́ ká parọ́, obìnrin tó ń ro oko tí ilẹ̀ wà lórúkọ ọkọ, ẹgbẹ́ wo ló ń yá a lówó ńlá? Ẹ ní kí ọmọ yín kọ ìyẹn sínú project ẹ̀.

Ayétòrò ńkọ́?

*Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ìlàjẹ ni mí, Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Gbogbo yín ń pariwo ẹ parapọ̀, ẹ parapọ̀. Ta ló parapọ̀ tó Ayétòrò? Òkun sì ń kó o lọ níṣojú gbogbo yín. — Ọmọ Etí Òkun*

Àbúrò mi, o mú mi níbẹ̀, mo fi ìwé ẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lè dáhùn.

Fún àwọn tí ò mọ ìtàn ẹ̀, 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ Ayétòrò dó sétí òkun Ìlàjẹ, wọ́n sì pinnu pé kò sí tèmi kò sí tìrẹ. Ẹja tí wọ́n pa, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kàn, aṣọ tí wọ́n hun, àpò kan náà ni owó ẹ̀ ń wọ̀, ìlú ló ń bọ́ gbogbo èèyàn. Orí pákó ni wọ́n ń rìn láti ilé dé ilé. Àwọn èèyàn wá láti òkè òkun wá wò ó. Nígbà tó yá oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ sí ní tiẹ̀, àmọ́ ìlú tí gbogbo wa fi ń ṣàpẹẹrẹ ìṣọ̀kan ṣì ni. Òkun ti wá jẹ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé, àti itẹ́ òkú, ibi tí àwọn bàbá ìgbà kan ń gbé ti di àárín omi. Ẹrẹ̀ ni etíkun ibẹ̀, kì í ṣe òkúta, ó ń tètè wọ́, òkun ń ga sí i, ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ sì gbà pé iṣẹ́ epo rọ̀bì agbègbè yẹn dá kún un. Wọ́n ti gbé kọngilá jáde láti dí omi náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìgbì ṣì ń wọlé.

Torí náà òótọ́ lo sọ. Alájẹṣẹ́kù kì í ṣe ògiri òkun. Owó ògiri yẹn ò sí lápò ẹgbẹ́ kankan ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìjọba ló ni ín, àti àwọn tó ti jèrè lórí epo ibẹ̀. Tí olóṣèlú bá wá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ parapọ̀ kẹ́ ẹ ran ara yín lọ́wọ́, ẹ bi í pé lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́, torí mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ dídùn yẹn ti di aṣọ tí wọ́n ń fi bo iṣẹ́ tí wọn ò ṣe.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe kéré, ó sì le. Kí wọ́n ní orúkọ gbogbo ilé tó ti lọ sílẹ̀ nínú ìwé, ọjọ́ tó lọ, fọ́tò ẹ̀, iye àwọ̀n àti ọkọ̀ tó bá a lọ, torí lọ́jọ́ tí owó àdánù bá dé, wọ́n á ní ẹ mú ẹ̀rí wá. Kí owó ẹgbẹ́ wà ní bánkì ní Igbókòdá, kì í ṣe nínú àpótí nínú ilé tí omi lè gbé. Tó bá sì di dandan pé kẹ́ ẹ kó kúrò, kẹ́ ẹ jọ ra ilẹ̀ kan náà, kẹ́ ẹ jọ kó lọ, kí wọ́n má fọ́n yín ká sí yàrá kọ̀ọ̀kan ní Èkó àti Wàrì. Mo mọ̀ pé èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yẹn ń dun èèyàn láti kà, ó dùn mí láti kọ.

Akápò wa ti sá lọ

*Ó kó owó wa, fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tuntun, èèyàn mélòó la gbọ́dọ̀ jẹ́, báwo la ṣe máa ṣe é? — Ọmọ Ekímọ̀gún, Oǹdó*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ akápò yẹn tó ọlọ́pàá létí, kẹ́ ẹ má kàn máa ṣépè fún un.

Èèyàn mẹ́wàá tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí alájẹṣẹ́kù ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, wọ́n á fún yín ní ìlànà tẹ́ ẹ máa fi kọ òfin yín, àwọn náà ló sì yẹ kí wọ́n máa yẹ ìwé yín wò lọ́dọọdún, ẹ fi dandan lé e. Kí èèyàn mẹ́ta máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde ní bánkì, kí alẹ́ẹ̀tì máa wọ fóònù ẹni mẹ́ta tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, kẹ́ ẹ sì máa ka iye tó wà lápò jáde ní gbogbo mítìn, kódà tó bá sú yín. Àpò àjálù, ẹ má fi sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ áfáà.

Ẹni tó fi ohùn ránṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ẹ má bínú, mo ṣì ń gbọ́ tiyín lọ, mo ti dé ìṣẹ́jú keje, ìbéèrè gan-an ni ẹ ò tíì bi mí.